Messiah ti Handel: Bí Orin Mímọ́ Kan Ṣe Ń Pààrọ̀ Ohùn Láti Ọdún 1742

Messiah tí George Frideric Handel kọ ní ọdún 1741 jẹ́ oratóríò, èyíinì ni orin gígùn tí a fi ń sọ ìtàn mímọ́ láìṣe eré orí ìtàgé, láìwọ aṣọ eré, láìsí àwòrán kankan lẹ́yìn àwọn akọrin. Àwọn adákọrin, ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn olóhun-èlò orin ni wọ́n jọ ń gbé e kalẹ̀. Bí a kò bá fo ibì kankan, ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Apá mẹ́ta ni ó ní. Apá kìn-ín-ní dá lórí àsọtẹ́lẹ̀ àwọn wòlíì àti ìbí Jésù. Apá kejì sọ̀rọ̀ ìjìyà, ikú, àjíǹde àti bí ìhìnrere ṣe tàn kálẹ̀, Halelúyà tí gbogbo ayé mọ̀ ni ó sì parí rẹ̀. Apá kẹta dá lórí àjíǹde àwọn òkú àti ìyìn Ọ̀dọ́ Àgùntàn, títí dé Àmín gígùn tí ó kásẹ̀ gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò gbọ́ ju Halelúyà lọ ti gbà pé òpin orin náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ apá kan gbáko ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé orin tí Handel fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní Ibi Ìkówèésí ti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Síbẹ̀ kò sí Messiah kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ojúlówó, kí a sì pe ìyókù ní àfikún. Handel fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tún un ṣe. Nígbà tí ó bá ní adákọrin tuntun, á kọ orin mìíràn tí ó bá ohùn ẹni náà mu. Nígbà tí agbára akọrin kan bá kéré, á gé orin náà kúrú. Láti ìgbà ayé rẹ̀ wá, ìran kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe é bí ìran náà ṣe gbọ́ ọ sí. Ìdí nìyí tí ìtàn orin yìí fi jẹ́ ìtàn àwọn tí ó ń kọ ọ́ gan-an, àti ìtàn ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀.

Ìlú Halle ní Jámánì ni wọ́n bí Handel sí ní ọjọ́ 23, oṣù Èrèlè, ọdún 1685. Ó ṣiṣẹ́ orin ní Hamburg, ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ítálì láàárín ọdún 1706 sí 1710, lẹ́yìn náà ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó sì di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1727. Ọpẹ́rà ní èdè Ítálì ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn olórin ilẹ̀ Ítálì ń gbà pọ̀, ẹgbẹ́ ọpẹ́rà mìíràn dìde láti bá a díje, àwọn èrò ìwòran sì ń dín kù. Deidamia, tí ó gbé jáde ní ọdún 1741, ni ọpẹ́rà rẹ̀ ìkẹyìn. Oratóríò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń fa èrò ní tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Charles Burney, ẹni tí ó kọ ìtàn orin ní ìgbà náà, ṣe ròyìn, bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù ni kò gbà kí àwọn ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ọba ṣe Esther, oratóríò Handel, bí eré lórí ìtàgé ní ọdún 1732. Handel bá ní kí wọ́n dúró lójú kan, kí wọ́n mú ìwé orin lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọrin. Àṣà tí ó ti ibẹ̀ wá ni Messiah jogún.

Charles Jennens ni ó kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ. Ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ ni, láti Gopsall ní Leicestershire, ó mọ Bíbélì dunjú, ó sì fẹ́ràn orin Handel dé góńgó. Kò dá ọ̀rọ̀ kankan sọ fúnra rẹ̀. Inú Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James àti Sáàmù inú Ìwé Àdúrà ni ó ti ṣa gbogbo ẹsẹ rẹ̀. Àìsáyà ni ó pọ̀ jù, Sáàmù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Málákì, Jóòbù, Ẹkún Jeremáyà, Lúùkù, ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù àti Kọ́ríńtì, àti Ìfihàn. Ọgbọ́n ńlá ni ó fi tò wọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń ṣe ipò Jésù nínú orin náà, kò sì sí Pílátù tàbí Pétérù tí yóò dìde sọ̀rọ̀. Àyàfi ibi tí áńgẹ́lì ti fara han àwọn olùṣọ́-àgùntàn, kò sí ìran kan tí a sọ bí ìtàn. Àsọtẹ́lẹ̀ ni a fi ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: dípò kí akọrin sọ pé wọ́n na Jésù, ọ̀rọ̀ Àìsáyà nípa ìránṣẹ́ tí a gàn tí a sì kọ̀ sílẹ̀ ni yóò kọ. Ìgbà náà jẹ́ ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé Ọlọ́run wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò dá sí ọ̀rọ̀ ayé, wọn kò sì gba àsọtẹ́lẹ̀ gbọ́. Jennens kórìíra ẹ̀kọ́ náà. Bí ó ṣe fi Májẹ̀mú Láéláé jẹ́rìí sí Májẹ̀mú Titun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin jẹ́ èsì rẹ̀ fún wọn.

Ọjọ́ 24 péré ni Handel fi kọ orin náà nínú ilé rẹ̀ ní Brook Street: ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22, oṣù Ògún, ọdún 1741, ó sì parí ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ojú-ewé 259 ni. Àwọn èèyàn ti fi ìyára yìí pa ìtàn púpọ̀, pé kò jẹun, pé kò sùn, pé ó rí ọ̀run tí ó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń yá nìyẹn. Kò pẹ́ tí ó parí Messiah tí ó fi bẹ̀rẹ̀ oratóríò mìíràn, Samson. Ó tún lo ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: orin ìfẹ́ fún ohùn méjì ní èdè Ítálì tí ó kọ ní oṣù Agẹmọ ọdún kan náà ni ó yí padà di ègbè tí ó kéde ìbí ọmọ náà, àti èyí tí ó fi aráyé wé àgùntàn tí ó ṣìnà. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ègbè méjèèjì dáadáa yóò gbọ́ ohùn méjì tí ń lé ara wọn kiri kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tó dá sí i. Àtúnlò yìí kò dín iyì orin náà kù rárá. Ó jẹ́ kí a rí alágbẹ̀dẹ orin lẹ́nu iṣẹ́. Jennens ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀. Ó ní ìkánjú pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ó sì ń rọ Handel pé kí ó tún àwọn ibì kan kọ, pàápàá orin ìṣíde tí ohun-èlò nìkan ń kọ.

Dublin ní ilẹ̀ Ireland ni ayé ti kọ́kọ́ gbọ́ Messiah. Aṣojú ọba ní Ireland, Duke ti Devonshire, ni ó pe Handel, ó sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 1741. Àwọn akọrin láti kàtídírà méjèèjì tí ó wà nílùú náà, St Patrick's àti Christ Church, ni ó fẹ́ lò. Jonathan Swift, òǹkọ̀wé ńlá nì, ni alákòóso St Patrick's. Ara rẹ̀ kò yá mọ́, ó sì kọ́kọ́ fàáké kọ́rí pé òun kò yọ̀ǹda àwọn akọrin òun fún ẹgbẹ́ olórin ìta, kí ó tó gbà níkẹyìn. Ní ọjọ́ 13, oṣù Igbe, ọdún 1742, ní gbọ̀ngàn orin Fishamble Street, orin náà wáyé. Torí àyè, wọ́n ti kéde nínú ìwé ìròyìn pé kí àwọn obìnrin má ṣe wọ férémù tí ń fẹ yẹ̀rì, kí àwọn ọkùnrin má sì ṣe gbé idà wá. Nǹkan bí 700 èèyàn ni ó há mọ́ inú gbọ̀ngàn náà.

Ètò àánú ni. Owó tí wọ́n rí, tó nǹkan bí £400, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: fún Ilé Ìwòsàn Mercer's, fún ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́, àti fún àwọn tí gbèsè gbé dé ẹ̀wọ̀n. Gbèsè ẹni 142 ni a san nípa rẹ̀, wọ́n sì jáde lẹ́wọ̀n. Nínú gbogbo ohun tí a lè sọ nípa ọjọ́ náà, èyí ni ó yẹ kí a máa rántí jù, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ àánú ti bá Messiah rìn, kò sì tíì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Susannah Cibber wà lára àwọn adákọrin ọjọ́ náà. Òṣèré ni, ohùn rẹ̀ kò tóbi, kò sì kọ́ṣẹ́ orin púpọ̀. Ẹjọ́ àgbèrè tí ọkọ rẹ̀ pè ní Lọ́ńdọ̀nù ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ojú sì ń tì í láti yọjú sórí ìtàgé níbẹ̀. Nígbà tí ó kọ orin nípa ẹni tí a gàn tí a sì kọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní àlùfáà kan, Patrick Delany, dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì ké pé kí a torí orin yìí dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà jì í. Handel ti mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó gbé orin náà fún un: kì í ṣe ẹwà ohùn nìkan ni ó ń wá, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé ni ó ń wá.

Lọ́ńdọ̀nù kò gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ bí Dublin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é ní ilé eré Covent Garden ní ọjọ́ 23, oṣù Ẹrẹ̀nà, ọdún 1743, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Àwọn kan ní ó jẹ́ ìwà àìbọ̀wọ̀ láti mú ọ̀rọ̀ Bíbélì wọ ilé eré, kí àwọn òṣèré máa fi ẹnu tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ àná kọ ọ́ lónìí. Nítorí èyí, Handel kò lo orúkọ Messiah nínú ìkéde. Oratóríò mímọ́ tuntun ni ó pè é. Wọ́n ṣe é fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún náà, wọ́n tún ṣe é ní 1745, lẹ́yìn náà ó sùn títí di 1749.

Ilé àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò lè tọ́, èyí tí ọ̀gákọ̀ Thomas Coram dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọba ní ọdún 1739, ni ó sọ Messiah di ohun tí ìlú fẹ́ràn. Handel ta ilé ìjọsìn wọn lọ́rẹ dùùrù kan. Ní ọjọ́ 1, oṣù Ẹ̀bìbì, ọdún 1750, ó darí Messiah níbẹ̀. Èrò pọ̀ débi pé wọ́n dá ọ̀pọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ní láti tún un ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kan náà. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni. Nínú ilé ìjọsìn, fún àǹfààní àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, kò sí ẹni tí ó tún ń bínú sí ọ̀rọ̀ mímọ́ inú rẹ̀ mọ́. Handel fi ẹ̀dà ìwé orin náà sílẹ̀ fún ilé yìí nínú ìwé ìhágún rẹ̀.

Ìwé ìnáwó ilé náà ní ọdún 1754 ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí pé ó kọ iye tí wọ́n san fún olórin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Fáólìnì 14, fayólà 6, ṣẹ́lò 3, dọ́búlù básì 2, oboe 4, bassoon 4, ìwo 2, fèrè ìpè 2 àti ìlù. Àwọn akọrin kò ju nǹkan bí 19 lọ, ọmọkùnrin mẹ́fà láti ṣọ́ọ̀ṣì ọba wà nínú wọn fún ohùn òkè, àgbà ọkùnrin sì ni ìyókù. Àwọn adákọrin márùn-ún a máa bá wọn kọ ègbè. Nítorí náà, àwọn tí ń lo ohun-èlò pọ̀ ju àwọn tí ń kọrin lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ Messiah láti ẹnu ọgọ́rùn-ún akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan yóò rí i pé Handel kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1750 kan náà ni akọrin Ítálì kan, Gaetano Guadagni, wà lára àwọn adákọrin Messiah. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré kí ohùn òkè má baà kúrò lẹ́nu wọn ni. Handel tún orin tí ń bèèrè ẹni tí yóò lè dúró ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ Olúwa kọ fún un, ó sì fi ìyára iná ajónirun sí i láàárín. Báàsì ni ó ni orin náà tẹ́lẹ̀. Ní ọwọ́ Guadagni ó di ti áltò. Títí di òní, olùdarí akọrin kọ̀ọ̀kan ní láti yan èyí tí yóò lò, kò sì sí èyí tí a lè sọ pé Handel kò fọwọ́ sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin ayọ̀ ti ọmọbìnrin Síónì, tí ó ní ẹsẹ̀ ìlù kan tí ń jó bí omi tí ń ru, kí Handel tó yí i sí èyí tí a mọ̀ jù báyìí.

Ọ̀rọ̀ àánú inú ìtàn yìí kò gbọdọ̀ bo ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ Royal African Company, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kó èèyàn ní ẹrú láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi hàn pé Handel ní ìpín nínú rẹ̀ ní ọdún 1720. Ó tún ra ìpín nínú South Sea Company, tí òun náà ń ṣòwò ẹrú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń náwó fún orin ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ni owó wọn ti ibẹ̀ wá. David Hunter, ọ̀mọ̀wé tí ó yẹ àwọn ìwé náà wò, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sójútáyé láìpẹ́ yìí. Ìpín náà wáyé ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú Messiah, kò sì sí nínú ìwé orin. Ṣùgbọ́n fún àwọn akọrin tí baba ńlá wọn wà ní etíkun yẹn gan-an, ó tọ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí ẹni tí yóò bá kọ orin náà kọ ọ́ pẹ̀lú ìmọ̀.

Ojú Handel fọ́ ní bíi 1752, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Igbe, ọdún 1759, ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ Messiah ní Covent Garden. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà ni ó kú. Westminster Abbey ni wọ́n sin ín sí. Ère rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Roubiliac, di ìwé orin inú Messiah tí ń sọ pé Olùràpadà wà láàyè mú.

Àṣà dídìde nígbà Halelúyà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé Ọba George Kejì dìde ní Covent Garden, gbogbo ìlú sì bá a dìde. Kò sí ẹ̀rí láti ìgbà náà pé ọba tilẹ̀ wà níbẹ̀. Inú lẹ́tà kan tí James Beattie kọ ní ọdún 1780 ni a ti kọ́kọ́ rí ìtàn náà, nǹkan bí ogójì ọdún dín díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀. Àṣà náà lágbára ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti kọ Halelúyà, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, Boston tàbí Èkó, ọ̀pọ̀ èèyàn á dìde, àwọn Kristẹni inú wọn sì mọ̀ pé kì í ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń dìde fún.

Lẹ́yìn ikú Handel ni orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ní 1784, wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ ní Westminster Abbey níwájú Ọba George Kẹta, àwọn akọrin àti olóhun-èlò ju 500 lọ. Ẹnu ya gbogbo ayé. Láti ìgbà yẹn, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé bí orin bá tóbi lọ́lá, àfi kí akọrin pọ̀ níye. Ní Vienna, Baron Gottfried van Swieten ní kí Mozart tún ohun-èlò rẹ̀ tò ní ọdún 1789, fún ọ̀rọ̀ èdè Jámánì. Mozart fi fèrè, kilarinẹ́ẹ̀tì àti trombone kún un. Ó fún àwọn ohun-èlò wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí dùùrù ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì rọ ohùn fèrè ìpè nítorí pé àwọn tí ó mọ fífun irú ti ìgbà Handel kò pọ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àwọn mìíràn rò pé ohun tí Handel ṣe kò pé, wọ́n sì ń fi kún un láìdúró.

Ìdí mìíràn tí ẹgbẹ́ akọrin fi tóbi ni ìwé àti ìwé kíkà. Ní àárín ọ̀rúndún 19, ilé ìtẹ̀wé Novello bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé orin ní ẹ̀dínwó tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọlọ́fì lè rà. Ní àkókò kan náà, ètò dò-rè-mí tí Sarah Glover, olùkọ́ kan ní Norwich, ṣẹ̀dá, tí àlùfáà John Curwen sì tún tò, ń kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti ka orin láìmọ àmì orí ìlà márùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ Yorkshire ń kọ Messiah lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin Huddersfield, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1836, ṣì ń kọ ọ́ lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin gba ohùn òkè àti áltò lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1857, ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, akọrin tó 2,000 ni ó pé jọ fún àjọ̀dún orin Handel. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1880 sókè, iye wọn ti tó 4,000, wọn kò sì dáwọ́ àjọ̀dún náà dúró títí di 1926. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, kò sí bí ègbè tí ó yára ṣe lè yára mọ́. Wọ́n ń fà á, ọ̀rọ̀ sì ń rì sínú ariwo. Ohun tí wọ́n pàdánù nínú orin pọ̀. Ohun tí àwọn akọrin náà rí gbà kò kéré: èèyàn tí kò ní ànító owó láti wọ ilé ọpẹ́rà ni ó dúró nínú Messiah, tí ó sì ni ipò tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìpadàbọ̀ sí kékeré kò yá. Òǹkọ̀wé George Bernard Shaw ti béèrè ní 1891 pé kí wọ́n fi ogún akọrin tí ó mọṣẹ́ ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn. Ní 1894, A. H. Mann, tí ń tẹ dùùrù ní King's College ní Cambridge, rí ìwé àwọn olórin ti ilé Coram, ó sì lò ó láti ṣe é bí ó ṣe rí nígbà Handel. Ọ̀pọ̀ ṣì tẹ̀ lé ọ̀nà ńlá. Ní 1959, Thomas Beecham gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun-èlò tí Eugene Goossens tún tò, aro sì ń dún gooro nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Watkins Shaw gbé ìwé orin tuntun jáde tí ó padà sí ọwọ́ Handel, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ní ayé sì ń lò ó. Colin Davis àti Charles Mackerras fi àwo orin wọn ní àárín ọdún 1960 sí 1970 hàn pé ẹgbẹ́ kékeré lè yára, kí ọ̀rọ̀ sì yéni ketekete. Ní 1980, Christopher Hogwood lo ohun-èlò irú ti ìgbà Handel, okùn tí a fi ìfun ẹran ṣe, ohùn tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti òde òní, àti àwọn ọmọkùnrin kàtídírà Oxford, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ní 1754. Àwọn tí ó ti gbọ́ Messiah ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn ní ó dà bí ẹni pé a nu erùpẹ̀ kúrò lára àwòrán àtijọ́.

Àwọn kan sì gbé e jìnnà pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ Handel and Haydn ti Boston ti kọ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì 1818, àwọn olórin aláwọ̀ dúdú ṣe A Soulful Celebration ní 1992. Orin gospel, jazz àti ìlù ni wọ́n fi dá a lóhùn, Quincy Jones sì darí Halelúyà rẹ̀. Àṣà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ẹrú gan-an ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àfarawé.

Ilẹ̀ Yorùbá bá orin yìí pàdé nípasẹ̀ ìjọ. Àwọn Sàró tí ó padà láti Freetown, àti àwọn ajíhìnrere CMS àti Mẹ́tọ́díìsì, ni ó kó orin ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, ẹ̀yà orin Handel ti ń wáyé nínú kọ́ńsáàtì Èkó. Robert Coker, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí orin ìgbà náà, ni wọ́n ń pè ní Mozart ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Dò-rè-mí ti Curwen ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn akọrin: ẹni tí kò rí fáólìnì rí láyé rẹ̀ lè ka ègbè Handel láti orí pátákó ilé-ìwé, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ láìṣìnà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ akọrin ní ìlú kékeré ló ń da orin náà kọ ní dò-rè-mí kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ dáadáa ní Èkó ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips (1884–1969). Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jẹ́ olùdarí orin ní Kàtídírà Church of Christ, Marina, láti 1914 títí di 1962. Abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé ti jẹ́ ọmọ akọrin. Phillips mú orin ńlá ilẹ̀ òkèèrè bọ̀, ó sì ń kọ tirẹ̀ ní Yorùbá. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, sọ ojú abẹ níkòó: bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí orin òyìnbó láìwo ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ á dàrú lẹ́nu akọrin. Orin àdákọ Handel, tí ohùn rẹ̀ ń fò sókè-sódò bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́, le púpọ̀ láti gbé wọ Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì fi ń kọ Messiah, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ áńtímù tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Phillips wá rí i pé ọ̀nà mìíràn ni kí àwọn fúnra wọn kọ orin mímọ́ gígùn tí ó bá èdè mu. Jona ti Ayọ̀ Bánkọ́lé jẹ́ irú rẹ̀.

Dùùrù nìkan ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gbé gbogbo Messiah ró, nítorí pé ohun-èlò olókùn kò wọ́pọ̀. Adákọrin sì máa ń wá láti inú ẹgbẹ́ akọrin fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí MUSON, ẹgbẹ́ orin ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ní ilé-ẹ̀kọ́ orin àti ẹgbẹ́ olóhun-èlò tirẹ̀ ní Èkó, Messiah pẹ̀lú fáólìnì, fèrè ìpè àti ìlù ti ń ṣeé ṣe níbẹ̀.

Àkókò tí a ń kọ ọ́ náà ti yí padà. Ìgbà Ààwẹ̀ àti Àjíǹde, tàbí oṣù Ẹ̀bìbì ní ilé Coram, ni Handel ń ṣe é. Ìran tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbé e lọ sí ìgbà Kérésìmesì. Nítorí èyí, nínú oṣù Ọ̀pẹ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin máa ń kọ apá kìn-ín-ní nìkan, wọ́n á fò apá kejì dé Halelúyà, wọ́n á sì dúró níbẹ̀. Àwọn kan tún ti ń padà kọ apá kejì àti ìkẹta ní ọ̀sẹ̀ Ìjìyà àti Àjíǹde, níbi tí orin ẹni tí a gàn tí a sì kọ̀ sílẹ̀ ti bá àkókò mu, tí Àmín ìkẹyìn sì ti ní àyè láti dé òpin rẹ̀.